Ojúde Tó Ní Kọ́kọ́rọ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi kí ẹlòmíràn tó bú mi. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ilẹ̀ gbogbo àdúgbò di ti ẹnì kan. Ẹnikẹ́ni ò fi ìbọn sí mi lórí. Ọtí ò pa mí. Ayọ̀ ló pa mí, ayọ̀ òmùgọ̀. Mo dìde láàárín ìpàdé àdúgbò, mo mi ìdí mi tó tóbi bí odó, mo sì kígbe pé, "Ojúde Ògúntádé! Ojúde Ògúntádé ni kó máa jẹ́!" Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo jó débi pé gèlè mi já bọ́ sínú abọ́ ìrẹsì alága ìpàdé. N ò tilẹ̀ mọ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, èmi gan-an ni mo sì fi ọwọ́ ara mi tẹ orí ọmọ náà wọ́.

Ọdún 1995 ni, ní òpópónà Morákinyọ̀ ní Yaba. Èmi àti Motúnráyọ̀, ọmọ ọmọ mi, jọ ń gbé nínú yàrá kan. Òkìríkà ni mò ń tà, àwọn aṣọ tí òyìnbó ti wọ̀ kó tó kàn wá. Motúnráyọ̀ wà ní kíláàsì àṣekágbá ní girama, ìdánwò Wáẹ́kì sì ń bọ̀ kíkankíkan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé kojú-sí-mi-kí-n-kojú-sí-ọ yóò mọ̀ pé ọmọ kò lè kàwé níbẹ̀. Rédíò ń ké lápá ọ̀tún, tọkọtaya ń jà lápá òsì, sítóòfù ń rú èéfín láàárín méjèèjì.

Ní ìparí òpópónà wa, ilẹ̀ kan wà tí ìjọba fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ ilé. Ààtàn ló dà nígbà tó yá. Eku ibẹ̀ tóbi débi pé àwọn ológbò ló ń kí wọn ní ẹ káàárọ̀. Àwa ará àdúgbò la pa ọwọ́ pọ̀ kó ààtàn yẹn, onílé àti ayálégbé, àgbà àti ọmọdé. Àwọn ọ̀rẹ́ Motúnráyọ̀ méjì wá bá wa kó o. Ọ̀kan ni Adéṣínà, ọmọ fọkanáísà tó wà ní ìkóríta. Èkejì ni Mabel. Makoko ni Mabel ti wá, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja níbẹ̀, ọmọ náà sì ru apẹ̀rẹ̀ ẹja ìyá rẹ̀ wá kí a lè rí nǹkan fi kó ìdọ̀tí. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lẹ́yìn tí a kó o tán ni Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé yọjú. Kọngílá ni, ilé alájà méjì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ náà. Ó da yẹ̀pẹ̀ síbẹ̀, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó fi kọnkéré mọ tábìlì kan àti bẹ́ǹṣì mẹ́rin sábẹ́ igi fúrúùtù. Ó ṣe é dáadáa, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde ní ìpàdé tí mo sì sọ ibẹ̀ lórúkọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ní lọ́kàn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti bí mi, ojúde kì í ṣàìní orúkọ. Ojúde Jagun ni mo ti kọ́ ìrìn. Jagun ò fìgbà kan bi ẹnikẹ́ni pé kí lo wá ṣe níbí. Àlejò a sọ ẹrù kalẹ̀, ọmọdé a ṣeré òṣùpá, ìyàwó ilé a sá ẹ̀lùbọ́, ewúrẹ́ a sì fi ìgbẹ́ tirẹ̀ kún un. Ẹni tí ojúde bá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, òun gan-an ni kò gbọdọ̀ lé ènìyàn níbẹ̀. Ẹrù ni orúkọ yẹn jẹ́ lórí rẹ̀. Bó bá lé ẹnì kan pẹ́rẹ́n, ojú yóò ti gbogbo ìdílé rẹ̀. Ẹrù yẹn ni mo rò pé mo ń gbé ka Ògúntádé lórí. Mo gbàgbé pé Èkó ni mo wà. Ní Èkó, ibi tí orúkọ ẹni bá wà, ajá ẹni ló ń gbó níbẹ̀.

Wọ́n kọ pátákó, ó rẹwà. Fún oṣù díẹ̀ ayé dùn. Bí Motúnráyọ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti ti ilé ìwé dé, abẹ́ igi fúrúùtù ni. Adéṣínà mọ Ìṣirò, Mabel mọ Bàólójì bí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí Ọlọ́run ń mọ ènìyàn, Motúnráyọ̀ mọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dáwó ra ìwé ìbéèrè àtijọ́ kan ṣoṣo, wọ́n jọ ń kà á ní orí mẹ́ta papọ̀.

Lọ́jọ́ kan ni a jí tí a bá àwọn bíríkìlà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ògiri ti yí ibẹ̀ ká, géètì dúdú ti dúró, mẹ́gáàdì kan tó ń jẹ́ Akínlabí sì ti jókòó sẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ báǹkì.

Túbọ̀sún onígbàjámọ̀ pariwo pé, "Ọ̀gá, ilẹ̀ ìjọba nìyí o!"

Ògúntádé rẹ́rìn-ín. "Ìjọba? Ṣé orúkọ ìjọba lẹ kà lára pátákó yìí? Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́. Àwọn jàgùdà ni mò ń lé, kì í ṣe ẹ̀yin. Gbogbo onílé ló máa ní kọ́kọ́rọ́."

Ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Gbogbo onílé gba kọ́kọ́rọ́, gbogbo onílé sì dákẹ́. Alága ìpàdé tí mo ba ìrẹsì rẹ̀ jẹ́ náà gba tirẹ̀, ó fi sápò. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ kì í rí ògiri. Àwa ayálégbé tí a fi èékánná tu ààtàn, àwa la wá ń yọjú láti ẹ̀yìn irin bí àgbò Iléyá. Inú bí mi! Mo ṣépè títí itọ́ fi tán lẹ́nu mi.

Ẹ wá wo bí ènìyàn ṣe ń di òmùgọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ kejì, Ògúntádé fúnra rẹ̀ wá bá mi nílé. Ó na kọ́kọ́rọ́ kan sí mi.

"Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ sọ ojúde lórúkọ, ṣé a máa tì yín síta ni? Ẹ fún ọmọ yín kó máa kàwé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan o. N ò fẹ́ kó kó ẹnikẹ́ni wọlé."

Ṣé mo lé e jáde? Mo kúnlẹ̀ ni! Èmi tó lè bí i lọ́mọ! Orúnkún mi ró gbàá bí igi ìdáná, mo ní, "Ẹ ṣé, sà, orí yín á máa bá yín gbé e." Ìbínú tó kún inú mi láti àná jáde bí èéfín. Motúnráyọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó so ó mọ́ okùn, ó gbé e kọ́ ọrùn. Ó ń dán lára ọmọ bí wúrà. Mo wò ó, mo ní, "Ọmọ mi ti di ẹni ńlá." Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín lọ, ó tọ́ sí mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Mabel àti Adéṣínà dé géètì. Motúnráyọ̀ ti wà nínú, ó jókòó sí tábìlì wọn pẹ̀lú Tèmídayọ̀, ọmọ alága, àti àwọn ọmọ onílé mìíràn.

Akínlabí fi ọ̀pá dínà. "Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́?"

Mabel ní, "Ọmọ Ìyá Mabel ni mí, tó ń yan ẹja ní Makoko."

"Makoko! Ṣé Makoko ti ṣí wá sí Yaba ni? Abájọ tí atẹ́gùn yí padà."

Tèmídayọ̀ di imú, àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Mabel kò mira. Ó nawọ́ sí abẹ́ igi. "Ọ̀rẹ́ mi ni mò ń wá. Òun nìyẹn."

Akínlabí yíjú padà. "Motúnráyọ̀, ṣé o mọ ọmọ yìí?"

Gbogbo ojú yí sí ọmọ mi. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó wo Tèmídayọ̀, ó wo ìwé iwájú rẹ̀, ó ní, "Rárá. N ò mọ̀ ọ́n."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mabel kò sunkún, kò sì bú u. Ó kàn yọ ìwé ìbéèrè àtijọ́ lápò, ó fi hàn án láti ẹ̀yìn irin, bí ẹni pé, ṣé èyí náà o ò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, òun àti Adéṣínà yí padà.

Níbo ni wọ́n fẹ́ lọ? Ibi ọkọ̀ àjò ní Jíbówú ni wọ́n lọ jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì àwọn èrò. Wọ́n kà á bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, láàárín ariwo "Bìní, Bìní! Onítsha ku ẹnì kan!" Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń pe èrò lé wọn dìde. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, níbo lẹ̀ ń lọ? Ẹ ò lọ síbì kankan? Ẹ dìde jàre, ẹni tó sanwó ló ni ìjókòó!" Ó ti Adéṣínà, ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, táyà bọ́ọ̀sì gùn ún mọ́ inú ẹrẹ̀ olóyìlì. Ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n ní.

Adéṣínà ló wá sọ fún wa. Mo ń ká òkìríkà lọ́wọ́ nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà. Kò jókòó.

"Ẹ káalẹ́, Màmá. Motúnráyọ̀, mo wá jíṣẹ́ ẹnì kan fún ẹ. Ṣé o máa mọ̀ ọ́n, àbí kí n ṣàpèjúwe rẹ̀? Ó pupa díẹ̀, ó máa ń rùn bí ẹja, òun ló kọ́ ẹ ní bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí po lára."

Motúnráyọ̀ sọ orí kodò. "Kí ló ní kí o sọ?"

"Ó ní òun ò ṣe ìdánwò mọ́. Ó ní ibi tí wọn ò ti ní lé òun dìde kò ju ẹ̀gbẹ́ iná ẹja lọ. Ó ti jókòó síbẹ̀ báyìí. Ó dàárọ̀."

Ó lọ. Mo ní, "Kí ni ọmọ yìí ń sọ?" Motúnráyọ̀ bú sẹ́kún, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Nígbà tó dé ibi "n ò mọ̀ ọ́n", ọwọ́ mi ti gòkè. Mo fẹ́ gbá ọmọ náà létí kó gbọ́ aago. Ọwọ́ mi dúró lókè. Ta ni mo fẹ́ gbá? Ọmọ tó sẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, àbí ìyá àgbà tó kúnlẹ̀ fún kọ́kọ́rọ́? Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Mo fi ọwọ́ náà gbá itan ara mi, ó dùn mí dé ọpọlọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ sí Makoko. Mabel wà níwájú ààrò, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ìyá rẹ̀ kò fún wa ní ìjókòó, n kò sì dá a lẹ́bi.

Motúnráyọ̀ kúnlẹ̀ sínú eérú. "Mabel, forí jì mí. Ọ̀la Sátidé, mo máa ṣí géètì yẹn, gbogbo wa la jọ máa wọlé."

Mabel yí ẹja kan padà, ó yí èkejì. Ó ní, "Mo máa wá. Kì í ṣe torí ẹ o. Apẹ̀rẹ̀ ìyá mi la fi kó ààtàn ibẹ̀."

Sátidé pé. Motúnráyọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára géètì. Mabel wọlé, Adéṣínà wọlé, Túbọ̀sún wọlé, àwọn ọmọ òpópónà rọ́ wọlé bí omi. Èmi ni mo kẹ́yìn. Ẹ̀yin ènìyàn mi, wọn kò ro ti ìdí mi mọ́ ilẹ̀kùn yẹn. Apá iwájú mi wọlé, ìdí mi kọ̀. Mo há! Akínlabí sáré dé láti ìkóríta, ó ń ti irin láti òde, ó ń pariwo pé, "Ìyá, ẹ yẹra, kí n tilẹ̀kùn!"

"Kí n yẹra lọ síbo? Bi ìdí mi!"

Ẹ̀rín pa gbogbo àdúgbò. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí mi débi pé omi ń jáde lójú mi. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Píjò Ògúntádé dúró sí.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe sí géètì mi?"

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkùnrin yìí ni mo ti ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo yọ "ẹ" kúrò lẹ́nu bí egungun ẹja. "Ògúntádé, mo sọ ọ́ ní olójúde, o sọ ara rẹ di wọ́dà ẹ̀wọ̀n! Ọmọ tó ru ìdọ̀tí ibí yìí lórí, ẹ̀ṣọ́ rẹ ń bi í pé ọmọ ta ni. Ìwọ ńkọ́, apẹ̀rẹ̀ mélòó lo rù?"

Ó na ọwọ́ sí Motúnráyọ̀ láti orí géètì. "Kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

Ọmọ náà bọ́ ọ lọ́rùn. "Ẹ gbà á, sà. Wọ́n bi mí lọ́jọ́sí bóyá mo mọ ọmọ yìí. Irọ́ ni mo pa. Mabel lorúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ó dáa. Kí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ jáde kí n tó pe ọlọ́pàá."

Ẹ má rò pé a ṣẹ́gun o. Àwọn onílé dúró lórí báńkónì wọn, wọ́n ń wò wá bí ẹni ń wo sinimá. Wọ́n fà mí jáde, wọ́n lé gbogbo wa síta, àgádágodo tó tóbi bí orí àgbò gorí géètì. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò níbẹ̀, mo fi gbogbo agbára ọ̀fun mi kígbe:

"Ògúntádé! Èmi ni mo fún ọ lórúkọ, mo gbà á padà! Wọn kì í ti ojúde. Ibi tí wọ́n bá ń tì, àhámọ́ là ń pè é. Àhámọ́ Ògúntádé!"

Àwọn ọmọdé gbà á lẹ́nu mi. "Àhámọ́ Ògúntádé! Àhámọ́ Ògúntádé!" Èkó fẹ́ràn orúkọ. Kò pẹ́ tí àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ fi gbọ́. Bí bọ́ọ̀sì bá ti ń sún mọ́ òpópónà wa, wọ́n á na ọrùn síta: "Àhámọ́ wà o! Àhámọ́ Ògúntádé, ẹ bọ́ sẹ́nu ọ̀nà!" Àna Ògúntádé kan wá láti Abẹ́òkúta, ó gbé búrẹ́dì àti oògùn ibà dání. Ó ní àwọn gbọ́ pé wọ́n ti ọkọ ọmọ àwọn mọ́lé. Àdúgbò rẹ́rìn-ín títí.

Ìwé ni àwọn ọmọ mi ń kà ní gbogbo àsìkò yẹn, nínú ìsọ̀ mi, lábẹ́ kọ́mú òyìnbó tí mo gbé kọ́. Mabel ń wá. Ó ń kọ́ Motúnráyọ̀ ní Bàólójì, àmọ́ kì í bá a ṣeré mọ́.

Ìsọ̀ náà ni Ògúntádé wá bá mi. Ó bọ́ fìlà.

"Ìyá, ẹ dákun. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n yí orúkọ yẹn padà."

"Orúkọ tí gbogbo ayé bá ń pè, èmi nìkan ò lè gbà á lẹ́nu wọn. Hú géètì rẹ. Bí géètì bá lọ, àhámọ́ á lọ."

Ó wo kọ́mú, ó wo ilẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n hú géètì náà. Ògiri ṣì wà, ṣùgbọ́n ògiri tí kò ní ilẹ̀kùn, ibi ìfẹ̀yìntì lásán ni.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ gbọ́ ohun tí ìdí mi tó há kọ́ mi. Ilẹ̀ ò di ti gbogbo ènìyàn nítorí pé ìjọba ló ni ín, tàbí nítorí pé olówó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi ọ́ pé "ọmọ ta ni ọ́" kí o tó jókòó, ibẹ̀ ni ti gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n bá sì fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ti ti ọ̀rẹ́ rẹ síta, má jó bí èmi ti jó. Wọ́n ti fi ọ́ ṣe àgádágodo.

Lọ́jọ́ tí géètì lọ, mo tẹ̀lé àwọn ọmọ náà débẹ̀. Motúnráyọ̀ sáré lọ fi ìró rẹ̀ nu eruku orí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Mabel, wá jókòó. Ibi tìẹ nìyí."

Mabel kò tíì jókòó. Ó fi ọwọ́ kan ojú ihò tí irin géètì ti jáde lára ògiri, ó sì wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí o sọ pé o mọ̀ mí, Màmá wà lẹ́yìn ẹ, gbogbo àdúgbò wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá tún gbé géètì mìíràn wá lọ́la, tó ku ìwọ nìkan pẹ̀lú wọn nínú, tí wọ́n sì bi ẹ́, ṣé wàá mọ̀ mí?"